Kì í ṣe olówó nìkan ló ń kọ́ ilé àlùfáà
Ẹ̀yin tí ẹ kọ àpilẹ̀kọ yìí, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé "àwọn olówó ìjọ ló máa ń gbé ilé àlùfáà dìde" yẹn ò bá mi lára mu rárá. Ní ìjọ wa ní Èbúté-Mẹ́ta, àwọn ìyá tó ń tajà l'Óyìngbò ló kọ́kọ́ dáwó. Wọ́n pín àpò ìwé fún wa, orúkọ oníkálukú lára tiẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyá mi ń ki ₦500 bọ inú tiwọn, owó tí òórùn ẹja gbígbẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ló jẹ owó jù, torí bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni omi ń ru jáde. Owó ìkórè la fi ra páànù. Olówó tó ṣèlérí sìmẹ́ǹtì ò yọjú mọ́.

Bùọ̀dá tó sọ nínú èsì tó wà lókè pé ọdún mẹ́ta ti pẹ́ jù láti fi kọ́ ilé àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ọdún 1924 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìjọ Áńgílíkà tó wà ní Marina l'Ékòó, 1946 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni òkúta ìrántí ara ògiri wa: orúkọ ọkùnrin mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìjọ lẹ́ẹ̀mejì, màá tún kọ ọ́.