Ẹ̀bi ẹni méjì, ìtìjú ẹnì kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti tún The Scarlet Letter kà, ìwé tí Nathaniel Hawthorne, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1850. Àárín ọjà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Boston, láyé àwọn ẹlẹ́sìn Puritan, àwọn Kristẹni tí òfin wọn le koko. Wọ́n mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Hester Prynne jáde látinú ẹ̀wọ̀n, ó gbé ọmọ oṣù mẹ́ta dání. Wọ́n ní kó gun orí pèpéle onípákó kan, kó dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta kí tọmọdé tàgbà ìlú lè máa wò ó. Lẹ́tà A pupa wà láyà aṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: “adultery” lédè Gẹ̀ẹ́sì, panṣágà. Títí ayé rẹ̀ ni wọ́n sì ní kó máa wọ̀ ọ́.

Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o. Gómìnà wà níbẹ̀, àwọn àlùfáà wà níbẹ̀, wọ́n wà lókè lórí báákónì, wọ́n ń wo obìnrin náà nísàlẹ̀. Bàbá ọmọ náà gan-an wà láàrin wọn. Arthur Dimmesdale ni, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí gbogbo ìlú fẹ́ràn. Wọ́n tiẹ̀ tún ní kó bá wọn bẹ Hester kó dárúkọ ẹni tó fún un lóyún. Ó dìde, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má ṣe ṣàánú ọkùnrin náà, ó ní kódà bí onítọ̀hún bá ní láti sọ̀ kalẹ̀ láti ibi gíga wá dúró tì í, ó sàn fún un ju kó máa fi ẹ̀bi pamọ́ sínú lọ. Hester ní òun kò ní í dárúkọ.

Mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láàrin báákónì àti pèpéle? Ẹsẹ̀ Dimmesdale ni ó yẹ kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ló lò.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ka ìtàn yìí ló ń káàánú rẹ̀. Wọ́n á ní ṣé ẹ ò rí bó ṣe jìyà ni? Òótọ́ ni, ó jìyà. Ó ń gbààwẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi ń gbọ̀n, ó ń fi pàṣán na ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ń ṣàìsùn lóru, ọwọ́ kì í kúrò láyà rẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ni ìrora yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó gbé ẹrù kankan kúrò lórí Hester, kò sì sí ọ̀kan tó fún Pearl ọmọ rẹ̀ ní bàbá. Obìnrin náà ń fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ bọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ, àwọn ọmọdé ìlú ń sá tẹ̀ lé wọn láti pẹ̀gàn wọn, Dimmesdale sì ń na ẹ̀yìn ara rẹ̀ nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i.

Èyí tó dùn mí jù ni ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ó ju ìgbà kan lọ tó gun orí àga ìwàásù, tó sọ fún ìjọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun, pé òun burú ju gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ, pé ó ya òun lẹ́nu pé ìbínú Ọlọ́run kò tíì jó òun ráúráú lójú wọn. Kí ni ìjọ ṣe? Wọ́n túbọ̀ ń bọlá fún un ni. Wọ́n ní bí ẹni mímọ́ báyìí bá lè rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀, kí ni yóò rí nínú tiwa? Hawthorne kò fi bò rárá: Dimmesdale mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ nìyẹn. Òótọ́ ló sọ, ó sì sọ ọ́ di irọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. “Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí” kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, gbogbo wa là ń wí i lọ́jọ́ ìsinmi. “Èmi ni bàbá ọmọ yẹn” ni kò jáde lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún méje.

Mo ti rí i rí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń gbóná lára mi. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lóyún nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún, tí gbogbo wa mọ̀, ń lùlù lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Èmi náà kọrin sí ìlù yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí ni. Ní 1644, láyé tí ìtàn náà ń sọ nípa rẹ̀, ní àgbègbè kan náà, wọ́n yẹgi fún Mary Latham àti James Britton nítorí panṣágà, obìnrin àti ọkùnrin lápapọ̀. Ìwà ìkà ni, mi ò fẹ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dá kankan. Ṣùgbọ́n òfin líle yẹn pàápàá mọ̀ pé ẹnì kan kì í dá ṣe panṣágà.

Àwọn Puritan yìí kan náà sì mọ bí ìjẹ́wọ́ tòótọ́ ṣe ń rí. Ní 1692, ilé ẹjọ́ kan ní Salem, ìlú tí kò jìnnà sí Boston, yẹgi fún ènìyàn 19 lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Samuel Sewall wà lára àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn. Ní 1697, ó dìde dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Boston, lójú gbogbo ìjọ, àlùfáà sì ka ìwé tó kọ: ó dárúkọ ilé ẹjọ́ náà, ó ní òun gba ẹ̀bi àti ìtìjú rẹ̀ sórí ara òun. Bí wọ́n ṣe ń kà á, ó wà lórí ìdúró. John Hathorne náà jẹ́ adájọ́ níbẹ̀, baba ńlá Hawthorne ni. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé rẹ̀, Hawthorne kọ ọ́ pé òun tẹ́wọ́ gba ìtìjú àwọn baba ńlá òun. Èmi gbà pé ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé rẹ̀ kò kọ ìtàn Dimmesdale lásán.

(Ọkọ Hester, Chillingworth, tó sọ ara rẹ̀ di dókítà Dimmesdale kó lè máa fọ́ ọkàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìkà pọ́ńbélé ni. Kò sẹ́ni tó nílò kí n bá a ṣàlàyé.)

Ọmọdé ló ṣe ìdájọ́ tó dára jù nínú ìwé náà. Lóru ọjọ́ kan, Dimmesdale yọ́ lọ gun pèpéle yẹn nígbà tí ìlú ti sùn. Hester àti Pearl ń kọjá, ó pè wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di ọwọ́ ara wọn mú nínú òkùnkùn. Pearl bi í bóyá yóò bá òun àti ìyá òun dúró síbẹ̀ lọ́sàn-án ọ̀la. Ó ní rárá. Ó ní ó di ọjọ́ ìdájọ́ ńlá. Pearl rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Nígbà tó wá jẹ́wọ́ lójú ọjà níkẹyìn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kó kú. Kódà, àwọn ènìyàn pàtàkì kan tó wà níbẹ̀ ta kú pé kò jẹ́wọ́ ohunkóhun. Wọ́n ní ẹni mímọ́ náà kàn fẹ́ fi ikú rẹ̀ pòwe ni, pé gbogbo wa ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìwàásù rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi bò ó.

Hester kúrò ní ìlú náà, ó tún padà. Kò sí adájọ́ tó ní kó tún wọ lẹ́tà A, fúnra rẹ̀ ló gbé e wọ̀, àwọn obìnrin tí ayé ti fìyà jẹ sì ń wá sí ilé rẹ̀ fún ìmọ̀ràn. Nígbà tó kú, ẹ̀gbẹ́ ibojì Dimmesdale ni wọ́n sin ín sí, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàrin ibojì méjèèjì. Ṣùgbọ́n òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn méjèèjì, lẹ́tà A pupa sì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá jọ gbé e.