Rẹ́jísítà ọsibítù ò mọ gbogbo ohun tó ń ṣe àdúgbò

Bí ọ̀rọ̀ ìlera bá délẹ̀ ní Adó-Èkìtì, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ àìsàn tó ń bá àdúgbò kan fínra, ẹ lọ wo rẹ́jísítà ilé ìlera alábọ́dé tó wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí kò ní kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn débì kankan.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣí rẹ́jísítà náà. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́ẹ̀sì, àìsàn, oògùn. Lábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì, "Adó" ni wọ́n kọ. Ìlà tó tẹ̀ lé e, "Adó." "Adó" títí dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, àfi ẹnì kan tí nọ́ọ̀sì fara balẹ̀ kọ "ẹ̀yìn mọ́sáláṣí" fún. Ṣé ará Ajílosùn ni àwọn yòókù, àbí ará Bàsírí, àbí ẹni tó wá ná ọjà láti Ìyìn? Ìwé ò sọ.

Lábẹ́ àìsàn ńkọ́? Ibà, ibà, ibà. Ibà ń múni gbọ̀n, ó ń léni dé ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ẹni tó ní in. Ó lè wà lára ẹni fọ́dún pípẹ́ kó tó fi rọpárọsẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tó máa gbé eyín ríro lọ síbi tí kò sí dókítà eyín. Ohun tí rẹ́jísítà ń sọ ni ohun táwọn èèyàn gbà pé ibẹ̀ lè wò, tí wọ́n sì rówó wò. Ẹni tó ra oògùn ní kẹ́mísì kò sí ńbẹ̀. Ẹni tó bímọ sílé abíyè kò sí ńbẹ̀. NDHS ọdún 2018, ìyẹn ìwádìí ìjọba nípa iye èèyàn àti ìlera ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe láti ilé dé ilé, fi hàn pé ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ní Nàìjíríà ló wáyé nílé ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ wo iye ọmọ tí ìwé ọsibítù nìkan ò bá má mọ̀.

Àwọn kan á ní, "Ẹ lọ bi ìpàdé lándílọ́ọ̀dù." Àwọn onílé ló ń ṣèpàdé yẹn, kì í ṣe ayálégbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá kò sí ńbẹ̀, Ẹbira tó ń ṣiṣẹ́ oko kò sí ńbẹ̀, Hausa tó ń ta àlùbọ́sà kò sí ńbẹ̀. Tí ẹ bá bi onílé, gọ́tà àti títì ló máa sọ. Ayálégbé tí ìdílé mẹ́fà jọ ń lo ṣáláńgá kan lè ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu.

Lọ́dún 1854, kọ́lẹ́rà jà ní àdúgbò Soho nílùú London. Dókítà John Snow gba orúkọ àwọn tó kú lọ́wọ́ ìjọba, ó wá ń kan ilẹ̀kùn kiri, ó ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ẹ̀rọ omi Broad Street ni gbogbo ẹ̀ já sí. Apá tí èmi fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni ti àwọn tí kò kú. Ilé kan wà nítòsí tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, èèyàn 535 ló ń gbébẹ̀, márùn-ún péré ló kú: wọ́n ní kànga tiwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tó wà ládùúgbò náà kò kú, ọtí ni wọ́n ń mu ní tiwọn. Henry Whitehead, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ládùúgbò yẹn, kò kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́ rárá. Àmọ́ òun tó mọ ìdílé kọ̀ọ̀kan ló padà rí ilé tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi táwa ti máa ń kùnà nìyẹn. Àìsàn nìkan là ń kà, a kì í ka ohun tí àdúgbò ní. Ẹ bi àwọn ará àdúgbò pé, "Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ta lẹ kọ́kọ́ ń pè?" Ẹ ó gbọ́ nípa màmá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọlọ́kadà tí kì í kọ iṣẹ́ òru, àwọn obìnrin alájọ tó ń yáni lówó kílẹ̀ tó mọ́, kànga tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní àyè nínú rẹ́jísítà.

Láti ọdún 1978 ni ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tí wọ́n ṣe nílùú Alma-Ata ti sọ pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn èèyàn ni láti kópa nínú ètò ìlera ara wọn. Wọ́ọ̀dù 177 ló wà ní Èkìtì, ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wà fún ìkọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n rìn yí àdúgbò po kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Kí wọ́n má fìpàdé sí ọ̀sán Jímọ̀ tàbí ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí àgbàlagbà obìnrin tó gbọ́ Hausa tàbí Ẹbira sì wà ńbẹ̀, kì í ṣe ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fi ṣe ògbufọ̀. Ìyá wo ló máa ti ẹnu ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ fún àlejò pé nǹkan oṣù òun ò dúró?