Ṣé Irọ́ Ni Nátánì Pa fún Dáfídì?

"Irọ́ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ́n nílùú Ìbàdàn. Bí arábìnrin kan bá fa ìwé ìtàn àròsọ yọ nígbà tí ìpàdé àdúrà ò tíì bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́ ló kọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ ìdáríjì sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹnìkan á ṣáà sọ ọ́. Àwọn tó bá fẹ́ rọra sọ ọ́ á ní: "Kí lo fẹ́ fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣe, nígbà tí ìwé ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn gan-an wà?" Ẹ wo orí tábìlì ìwé tí wọ́n máa ń tẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, yálà ní Òkè-Àdó tàbí ní Bódìjà. Ìwé àdúrà ọ̀gànjọ́ wà níbẹ̀, ìwé bí a ṣe ń yan ọkọ wà, ìwé ẹ̀rí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn wà. Ìtàn àròsọ ló ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá tiẹ̀ wà, abẹ́ pátápátá ni wọ́n ń tì í sí.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn á délé, á jókòó ti eré Mount Zion títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sunkún, á kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ọdún 1985 ni Mike Bamiloye dá ẹgbẹ́ eléré náà sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni mélòó lẹ ti gbọ́ tó pè é ní irọ́? Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé babaláwo inú eré yẹn kì í ṣe babaláwo, pé ìyàwó tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ti lọ jẹun nígbà tí wọ́n pa kámẹ́rà. Kí ló wá sọ ọ́ di irọ́ nígbà tó bọ́ sínú ìwé?

Inú Bíbélì ni wọ́n ti máa ń fẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni ká lọ. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 12, Dáfídì ti gba aya Ùráyà, ó sì ti ṣètò ikú ọkọ rẹ̀. Nátánì dé ààfin, kò pe ọba ní apànìyàn. Ó sọ̀tàn ọkùnrin olówó kan tó ní agbo àgùntàn àti màlúù, àti tálákà kan tí kò ní ju abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo, èyí tó ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, tó ń mu nínú ife rẹ̀, tó ń sùn sí àyà rẹ̀. Àlejò dé bá olówó, àgùntàn tálákà ló lọ mú pa. Dáfídì gbaná jẹ. Ó búra pé ikú tọ́ sí ọkùnrin náà, àti pé yóò san àgùntàn náà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ta ni ọkùnrin náà? Kò sí. Àgùntàn ńkọ́? Kò sí àgùntàn kankan. Ọba dájọ́ fún ẹni tí kò wà láyé, ìdájọ́ sì já lé òun fúnra rẹ̀ lórí. Ká ní ẹ̀sùn ojúkoojú ni wòlíì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ta ló mọ̀ bóyá ì bá jáde láàfin láàyè? Ìtàn ríbi wọlé síbi tí ìbáwí kò ti lè wọ̀. Ìdí tó fi lò ó nìyẹn, kì í ṣe pé ó fẹ́ dá ọba lára yá.

Jótámù náà ńkọ́, nínú ìwé Onídàájọ́ orí 9? Àwọn igi ń wá ọba tí yóò jẹ lórí wọn. Ólífì kọ̀, ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀, àjàrà kọ̀, igi ẹ̀gún ló gbà. Kò sẹ́ni tó bèèrè inú igbó tí wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Mátíù 13:34 sì sọ pé Jésù kì í bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ láìpa òwe. Ará Samáríà tó ṣàánú yẹn kò lórúkọ, kò lábúlé, síbẹ̀ a ṣì ń wàásù nípa rẹ̀.

Ẹni tó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa á wá fa Tímótì Kìíní yọ, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kó yàgò fún ìtàn asán. Ó dáa. Ẹ ka orí kìíní ìwé yẹn kan náà, ẹsẹ 3 àti 4. Àwọn tó ń kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ òdì, tí wọ́n ń fi ìtàn asán àti ìtàn ìran tí kò lópin ṣe ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́, ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ bí òtítọ́ ló ń bí i nínú. Pọ́ọ̀lù yìí náà ló fa ọ̀rọ̀ akéwì Gíríìkì yọ ní Áténì (Ìṣe Àpọ́sítélì 17:28), tó tún fa ọ̀rọ̀ ará Kírétè kan yọ nínú ìwé Títù. Ẹni tó sá fún ìwé àwọn kèfèrí kò lè rí i fà yọ.

Àwa Yorùbá gan-an kò yẹ ká ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú. Ìyá àgbà tó pe "Àlọ́ o", tí àwọn ọmọ dáhùn "Àlọ̀", ti bá wọn ṣàdéhùn. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìjàpá kò lọ sílé àna rẹ̀ ní ti gidi. Irọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó fẹ́ tàn jẹ. Níbi àlọ́, ta ni wọ́n tàn? Ìwé tó bá sọ fún yín láti ẹ̀yìn rẹ̀ pé ìtàn àròsọ ni òun ti pe àlọ́ tirẹ̀.

Àwọn míì tún ní àṣà tuntun ni ìtàn àròsọ onígbàgbọ́, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o wá. Ní Ìbàdàn yìí kẹ̀? Kúdẹtì ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society), tẹ̀dó sí ní 1853. Hinderer yìí ló tú ìwé John Bunyan sí Yorùbá, èyí tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ó sì jáde kí odidi Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884. Ìyẹn ni pé ìtàn àròsọ ti wà lọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa kí wọ́n tó ní Bíbélì tó pé láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Bunyan tó kọ ìtàn náà kì í ṣe aláfẹ́. Oníwàásù ni, ọdún 12 ló sì lò lẹ́wọ̀n ní Bedford torí pé kò gbà láti dẹ́kun ìwàásù. 1678 ni apá kìíní ìwé náà jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti sọ pé àlá ni òun lá, kó má bàa sí ẹni tó máa wá Ìlú Ìparun, tí Kristẹni inú ìtàn náà ti gbéra lọ sí Ìlú Ọ̀run, nínú àwòrán ilẹ̀. Nínú ewì tó fi ṣíwájú rẹ̀, ó ròyìn pé nígbà tí òun fi iṣẹ́ náà han àwọn èèyàn, àwọn kan ní kí òun tẹ̀ ẹ́, àwọn kan ní kí òun má dán an wò. Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ lórí ilẹ̀.

Fágúnwà ńkọ́? Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, tòun ti iwin, tòun ti ẹbọra, tòun ti Àgbákò. Ilé ìtẹ̀wé CMS ló gbé e jáde. Ilé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì, ẹ̀yin èèyàn mi! Ní Topeka, ní Kansas, Charles Sheldon tó jẹ́ pásítọ̀ kọ ìtàn kan, ó sì ń kà á fún ìjọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Inú ìtàn náà, tó jáde ní 1896, ni ìbéèrè "Kí ni Jésù ì bá ṣe?" ti di gbajúmọ̀. Àwọn tó de ẹ̀gbà tí wọ́n kọ ìbéèrè yẹn sí mọ́ ọrùn ọwọ́ kò mọ̀ pé inú àròsọ ló ti jáde.

Wàyí o, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní ó sàn jù. Èmi náà ń kà á. Ṣùgbọ́n pé wọ́n kọ "ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́" sí iwájú ìwé kò sọ ọ́ di òótọ́. Ní 2010, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọmọdékùnrin tí jàǹbá ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ní ó lọ sọ́run ó sì padà. Ó tà ju mílíọ̀nù kan ẹ̀dà lọ. Ní oṣù kìíní 2015, ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà síta pé òun kò kú, òun kò sì lọ sọ́run, òun sọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn èèyàn lè máa fojú sí òun lára ni. Tyndale House tó tẹ ìwé náà sì kó o kúrò lórí àtẹ. Ọmọ kékeré ni, n kò ní bá a wí. Àwọn àgbàlagbà tí kò wádìí ni mo ń wò. Kò sẹ́ni tó lè jí lọ́la kó kọ lẹ́tà pé Kristẹni inú ìwé Bunyan kò dé Ìlú Ọ̀run, torí kò sẹ́ni tó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí ní ti gidi.

Kí n má ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́, púpọ̀ nínú ìtàn àròsọ onígbàgbọ́ kò dára. Ẹ ti ka irú rẹ̀: ọmọbìnrin kan gbàdúrà lójú ìwé kẹta, ọkọ olówó ti London balẹ̀ lójú ìwé kẹwàá, ìyá ọkọ tó burú ronú pìwà dà kí ìrẹsì ìgbéyàwó tó jinná. Níbẹ̀ ni mo gbà pé irọ́ wọ inú ìtàn. Ẹ̀ṣẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé kò ṣẹlẹ̀. Ayé kì í rí bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tó bá sì gbà á gbọ́ á rò pé Ọlọ́run ti já òun kulẹ̀. Ẹ wá fi wé ìtàn Francine Rivers tó jáde ní 1991, tó mú ìgbéyàwó Hóséà, wòlíì inú Bíbélì tó fẹ́ aṣẹ́wó, ó sì gbé e lọ sí California nígbà tí gbogbo ayé ń wá wúrà lọ síbẹ̀. Ìdáríjì inú rẹ̀ kò yára, ó ń nini lára. N kò ní kó o fún ọmọ ọdún méjìlá, torí ọ̀rọ̀ aṣẹ́wó ni, ìkà inú rẹ̀ sì le. Hóséà inú Bíbélì náà kì í kúkú ṣe ìtàn ọmọdé.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé èwo ni kí òun kọ́kọ́ kà, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ni màá dárúkọ, ní Yorùbá. Yorùbá àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, irú ti Bíbélì tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, nítorí náà ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní í bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kà á sókè, pàápàá ibi tí Kristẹni àti Olóòótọ́ dé ọjà Asán, kí ẹ tún ọjà Dùgbẹ̀ wò lẹ́yìn ìyẹn.