Àlétúnlé: èrò mi nípa Lámídì Fákẹ́yẹ

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn jìn fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni Olóògbé Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdílé. Wọ́n á ní ìran agbẹ́gilére ni wọ́n ti bí i, pé bàbá rẹ̀ gbẹ́gi, bàbá bàbá rẹ̀ náà gbẹ́gi, àti pé orúkọ rẹ̀, Ọlọ́nàdé, ti sọ ohun tí yóò dà kí ó tó mọ àáké í dì mú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ibẹ̀ kò ṣe àwọn ọ̀dọ́ wa lóore, nítorí pé ẹni tí bàbá rẹ̀ kò gbẹ́gi rí yóò kàn gbọ́ ọ tán ni, yóò sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ibi tí ó wù mí kí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ni Ọyẹ́-Èkìtì. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí Fákẹ́yẹ ti di géńdé, tí ó sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó lọ sí ibi iṣẹ́ ọnà tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó, ó sì tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọdún 3 lábẹ́ agbẹ́gilére George Bándélé, ọmọ Aréògún, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére ti Òsì-Ìlọrin. Ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tó lè jókòó sí ìlú rẹ̀, kí ó máa jẹ orúkọ ìdílé, ni ó gbà kí ọ̀gá mìíràn máa rán òun níṣẹ́, kí ó sì máa tọ́ka sí àṣìṣe òun.

Ohun tí ó kọ́ lọ́dọ̀ Bándélé ní ìpele 4, àwọn orúkọ wọn sì dùn mọ́ mi púpọ̀. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́, nígbà tí agbẹ́gilére bá ń fi àáké la ìtì igi títí tí ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ ère yóò wà yóò fi hàn. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, tí yóò tún àwọn ibi ńláńlá náà pín sí kéékèèké, kí imú, etí àti ìka lè ní àyè tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni dídán, tí ara igi yóò fi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn pátápátá, ìyẹn àwọn ilà tín-ín-rín, irun dídì àti ọnà ara aṣọ. Igi kò dà bí amọ̀; ohun tí a bá gé kúrò lára rẹ̀ kò ṣe é lẹ̀ padà, nítorí náà ẹni tó bá fo ìpele kan kò ní lè fi èyí tó kù bò ó mọ́lẹ̀.

Fínfín nìkan ni àwa òǹwòran sábà máa ń rí. Àwòrán iṣẹ́ tó ti parí ni a ń pín kiri lórí Facebook, a ó sì máa kígbe pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Ta ló fi ọnà lílé hàn wọ́n rí?

Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ (mo máa ń rántí èyí nígbà tí àwọn èèyàn bá ń fi ẹ̀sìn jiyàn lórí iṣẹ́ ọnà), síbẹ̀ ó gbẹ́ iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbẹ́ fún ààfin, ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sì dé Kennedy Center, gbọ̀ngàn eré ńlá kan ní Washington, ní Amẹ́ríkà. Àjọ UNESCO bu ọlá fún un ní 2006, ó sì jáde láyé ní oṣù Kejìlá 2009, lẹ́yìn tí ó ti lé ní 80 ọdún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ máa fojú sí. Ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn tí ó lọ sọ́dọ̀ Bándélé, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ni ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ó gbẹ́ ère Odùduwà ńlá tó wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà nínú ọgbà náà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dé Ifẹ̀, kí ó yà wò ó. Àwọn ọnà fínfín ni ojú yóò kọ́kọ́ lọ bá. Kí ó wò wọ́n tán, kí ó wá sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ó wo bí gbogbo ara ère náà ṣe dúró.