Èèkù Idà àti Ikú Tó Pa Baba Ẹni

"Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni." Ẹnu àgbà tó fẹ́ pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ la ti sábà ń gbọ́ òwe yìí. Wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, o ní o ò ní gbà, wọ́n ní jókòó, ọwọ́ rẹ ò tíì tẹ èèkù. Ó parí. Lójú tèmi, ààbọ̀ òwe ni wọ́n ń pa. Òwe ò ní ká gbàgbé baba. Ọwọ́ ló ń bá wí: láti ọjọ́ tí baba ti kú, kí ni ọwọ́ ń ṣe?

Ní Ṣáínà, lọ́dún 496 ṣáájú ìbí Jésù, Helü, ọba ilẹ̀ Wu, gbógun lọ sí Yue, ilẹ̀ tó múlé tì í, ọgbẹ́ ibẹ̀ ló sì pa á. Helü yìí náà ni òpìtàn Sima Qian ní Sun Tzu gbé orí 13 ìwé ogun rẹ̀ wá fún. (Ká ní ìwé lọ́tọ̀, ká ṣe ohun tó wí lọ́tọ̀.)

Fuchai ọmọ rẹ̀ kò sáré. Ó fi ọkùnrin kan sí àgbàlá ààfin, pé bí òun bá ti ń wọlé tàbí jáde, kó máa ké mọ́ òun: "Fuchai, ṣé o ti gbàgbé pé ọba Yue ló pa baba rẹ?" Ìránṣẹ́ ń pe ọba lórúkọ ní gbangba, ọba sì ń dáhùn pé òun ò jẹ́ gbàgbé! Lọ́dún 494, ó ṣẹ́gun Yue.

Ṣùgbọ́n ó dá ẹ̀mí Goujian, ọba Yue, sí, ó sì jẹ́ kó padà sílé nígbà tó yá. Wu Zixu, ìgbìmọ̀ rẹ̀, kìlọ̀ títí pé àìsàn inú ni Yue jẹ́ fún Wu. Idà ni Fuchai fi ránṣẹ́ sí i, pé kó fi pa ara rẹ̀.

Goujian gbé òróòro sí ibi ìjókòó rẹ̀. Bó bá fẹ́ jẹun, á tọ́ ọ wò, á bi ara rẹ̀ bóyá òun ti gbàgbé ìtìjú Kuaiji, òkè tí ọmọ ogun Wu ti ká a mọ́. Òróòro yìí ni gbogbo ayé ń sọ. Èmi, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń wò. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ní bí obìnrin Yue bá fẹ́ bímọ, ọba á rán oníṣègùn sí i. Bó bí ọkùnrin, ìkòkò ọtí méjì àti ajá kan. Bó bí obìnrin, ìkòkò ọtí méjì àti ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ọdún 10 ni kò fi gba owó orí. Ta ni yóò rí ẹ̀bùn ìkómọ tí yóò pè é ní ìmúra ogun? Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ gba ajá yóò di ẹni tó lè gbé ọ̀kọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún.

Sun Tzu ti wí i: kí ọ̀tá má ṣẹ́gun wa, ọwọ́ wa ló wà, kí a ṣẹ́gun ọ̀tá, ọwọ́ ọ̀tá ló wà. Lọ́dún 482, Fuchai kó àwọn akọni rẹ̀ lọ sí àríwá láti lọ ṣe olórí láàárín àwọn ọba. Yue wọ ìlú rẹ̀ lẹ́yìn. Lọ́dún 473, Wu parẹ́, Fuchai sì pa ara rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, wá ìwé tí baba fi sílẹ̀. Lọ kí ẹlẹ́rìí tó ṣì wà láàyè. Máa tu owó lọ́yà jọ díẹ̀díẹ̀. Àgbà tó bá sì ní kí o jókòó, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kí o bi í pé: "Bàbá, kí ni kí n máa ṣe níbi tí mo jókòó sí?"

Lọ́dún 1965, wọ́n hú idà Goujian jáde nínú ibojì kan ní Hubei. Kò gùn tó mítà kan, ó ṣì mú. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ọba Yue ló ṣe é fún ìlò ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, òun náà fi idà ránṣẹ́ sí Wen Zhong, ìgbìmọ̀ tó bá a tún Yue kọ́. Fan Li, ẹnì kejì Wen Zhong, ti bá tirẹ̀ lọ kí idà tó kàn án.