Ẹja kì í dàgbà ju táńkì lọ? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹja?

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja òkun tí ènìyàn ń sìn nínú táńkì gíláàsì nílé, ní London tàbí Houston, tí ẹ sì bi ọlọ́jà bóyá ẹja ọwọ́ rẹ̀ ò ní tóbi jù, ó ṣeé ṣe kó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ìwọ̀n táńkì yín náà ló máa dàgbà mọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó táńkì ńlá. Irọ́ ni.

Ẹ wo Coris aygula, ọ̀kan nínú ìdílé ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní wrasse, tó ń gbé láti Òkun Pupa títí wọ àárín Pàsífíìkì. Nígbà tí kò tíì gùn ju àtàǹpàkò lọ ni wọ́n sábà máa ń tà á. Ó funfun, ó ní tóótòòtó dúdú níwájú ara, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, àmì dúdú méjì tó rí bí ẹyinjú sì wà lára lẹbẹ òkè. Ta ni kò ní fẹ́ gbé e lọ sílé? Ẹ̀wà ọmọdé nìyẹn. Tó bá dàgbà, àbàwọ́n yẹn á pòórá, akọ á di aláwọ̀ ewé tó ṣú, iwájú orí rẹ̀ á yọ gọngọ, ó sì lè gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wá wọn táńkì tó wọ́pọ̀ ní pálọ̀ àwọn tó ń sin ẹja òkun: gígùn rẹ̀ náà ò ju 120 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìbú rẹ̀ sì máa ń tó 45. Kí ẹja náà tó dé ìdajì gígùn rẹ̀, àtiyí padà ti di ìjà.

Ẹja kì í wo ògiri kó tó dàgbà. Ohun tó jogún ló ń tẹ̀ lé, ọ̀pọ̀ ẹja kì í sì í ṣíwọ́ dídàgbà pátápátá bíi tiwa. Ó kàn ń falẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni.

Òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú irọ́ náà ni kò jẹ́ kó kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Omi tó kéré tètè ń dọ̀tí. Ammonia, ìdọ̀tí olóró tí ẹja ń tú sómi, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di nitrite, lẹ́yìn náà nitrate, tí á máa pọ̀ sí i nínú omi. Tí a ò bá pààrọ̀ omi, oúnjẹ ò ní wu ẹja mọ́, ara á máa fà sẹ́yìn, àìsàn á rọ́nà wọlé. Lóòótọ́, kò ní tóbi. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé ẹja náà ló mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi ebi pa ọmọ, tó wá ń yìn ín pé kì í jẹun púpọ̀. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ n'Íbàdàn àti Ìkòròdú mọ èyí dunjú: bí ẹja bá kún pọ́ǹdù jù, àwọn kan á kéré, àwọn kan á ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n á sì máa gbé àwọn kékeré mì.

Lẹ́yìn ìyẹn, púpọ̀ nínú ẹja inú táńkì kékeré ń kú kí wọ́n tó dàgbà. Ẹni tó bá ní "tèmi ò tóbi rárá", ẹ bi í pé ọdún mélòó ni ẹja náà lò.

Gígùn nìkan kọ́ ni wàhálà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wrasse yìí á fi orí gún iyanrìn, á gbọn ìrù bíi lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọlé sùn nìyẹn. (Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé, ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má tú iyanrìn kiri, kò kú.) Iyanrìn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 á bo ọmọ kékeré, ẹ bá mi wá èyí tó máa bo ẹja tó nípọn bí itan. Lójú ọjọ́, á máa dojú òkúta dé, á máa wá alákàn àti ìgbín òkun, á sì fi eyín ọ̀fun rẹ̀ fọ́ ìkarahun wọn. Àwọn ìgbín tí ẹ fowó rà pé kí wọ́n máa bá yín nu táńkì ńkọ́? Oúnjẹ àárọ̀ ni.

Tó bá wá tóbi, ta ló fẹ́ gbà á? Àwọn ilé ẹja ńlá tí ará ìlú ń sanwó wò kò lè gba gbogbo ẹja tí wọ́n bá gbé wá. Ẹ má sì gbé e jù sókun tó wà nítòsí. Ẹja lionfish tí wọ́n rí létí òkun Florida ní 1985 kì í ṣe ọmọ Àtìláńtíìkì. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó jọ pé látinú táńkì àwọn ènìyàn ló ti débẹ̀, ó sì ti gba òkun Caribbean kan báyìí.

Bí wrasse bá wù yín dandan, Halichoeres chrysus wà, aláwọ̀ ìyeyè látòkè délẹ̀, tí kì í ju nǹkan bíi 12 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ṣùgbọ́n "yellow coris" ni àwọn ọlọ́jà ń pe òun náà, nítorí náà orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì wá àwòrán àgbà rẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó yọ owó. Òun náà ń sùn sínú iyanrìn, ó sì mọ̀ ọ́n fò, ẹ rí i pé ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo táńkì.