Gbogbo Ayé Ti Di Kóòṣì

Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ní kóòṣì ń bọ̀, ẹni tó fi fèrè kọ́rùn, tó ń pariwo létí pápá títí ohùn fi há, la máa ń retí. Ní báyìí, ẹ ṣí Instagram wò: kóòṣì ìgbéyàwó, kóòṣì owó, kóòṣì oorun sísùn (ta ló kọ́ ọmọ ọwọ́ o?). Ọ̀gá gbogbo wọn ni kóòṣì tó ń kọ́ àwọn kóòṣì bí èèyàn ṣe ń di kóòṣì.

Ọ̀rọ̀ náà kúkú ti rìn jìnnà. Abúlé Kocs ní Họ́ńgárì ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan tó lókìkí, orúkọ abúlé náà ló sì mọ́ ọkọ̀ lára, tó fi di “coach” lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford fi orúkọ ọkọ̀ yìí ṣàwàdà, wọ́n ń fi pe olùkọ́ tó bá lè gbé olódo kọjá ìdánwò. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí pápá. Kóòṣì ni ọkọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lèrò. Tòde òní wá yàtọ̀: èrò ló ń ti ọkọ̀, òun náà ló tún ń sanwó.

Ẹ tiẹ̀ wo fídíò àwọn kóòṣì Instagram yìí dáadáa. Inú ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan ni. Kóòṣì de bẹ́líìtì, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó wá ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ìran ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí. “Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń wa ayé rẹ?”

Akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi ò rí ààyè irú eré yìí. Lọ́dún 1974, ọjọ́ 44 péré ni Brian Clough, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Leeds United kí wọ́n tó lé e. Àwọn mọ́kànlá ló ń gbá bọ́ọ̀lù, òun nìkan ló kó ẹrù ẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ kóòṣì orí fóònù kì í fìdí rẹmi láéláé. Bí ayé ẹ bá dára, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí kò bá dára, o ò fọkàn sí i, ìbẹ̀rù owó ṣì wà lára ẹ. Ìpele kejì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló máa tú u, owó ìpele kejì sì yàtọ̀.

Mo bi kóòṣì ìgbéyàwó kan pé ọkọ wọn ńkọ́. Wọ́n ní ìbéèrè yẹn di ìpele kẹta.